Ọ̀rọ̀ Tí Ó Ń Wáyé Nídìí Abẹ́rẹ́

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá jókòó yí iṣẹ́ ọwọ́ ká, tí abẹ́rẹ́ ń wọlé tí ó ń jáde, tí ẹnu kò sì dákẹ́, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tí ó bímọ àti ológbò tí ó jí ẹja jẹ, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láárí? Àbí ọ̀rọ̀ asán ni, tí ó yẹ kí onígbàgbọ́ òdodo máa sá fún?

Àwọn oníwàásù kan ti dá ẹjọ́ yìí ní kíákíá. Wọ́n ní ibi tí obìnrin mẹ́ta bá ti jókòó, ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹnìkẹrin wọn. A mọ ohun tí ó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n a rò pé wọ́n yára jù.

Ẹ jẹ́ kí á rìn jìnnà díẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend. Odò ló ṣẹ́rí yí i ká ní ọ̀nà mẹ́ta. Àtọmọdọ́mọ àwọn adúláwọ̀ tí a kó lẹ́rú lọ sí oko òwú ló ń gbé ibẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ń jẹ́ Pettway títí di òní, èyí tí í ṣe orúkọ ọkùnrin tí oko náà bọ́ sí lọ́wọ́ ní 1845. Iṣẹ́ tí a fi mọ àwọn obìnrin ibẹ̀ ni aṣọ ìbora alábùlẹ̀. Ṣòkòtò oko tí ó ti gbó lórúnkún, àpò tí wọ́n fi ra oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, ẹ̀wù tí kò gba ọmọ mọ́, wọn a gé e, wọn a tò ó, wọn a rán an pọ̀ mọ́ra. Òtútù ló kọ́kọ́ kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà, nítorí afẹ́fẹ́ ń gba àárín pákó ilé wọn wọlé. Ní 1942, obìnrin kan níbẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kú kó gbogbo aṣọ iṣẹ́ olóògbé náà jọ, ó sì fi wọ́n rán aṣọ ìbora kan, kí ó lè máa rántí rẹ̀ kí ó sì máa fi í bora. Irú aṣọ wọ̀nyí ni wọ́n wá gbé kọ́ ara ògiri ilé ìkó-iṣẹ́-ọnà-sí ní Houston àti ní New York ní 2002, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì ya sára sítáǹbù lẹ́tà ní 2006.

Ohun tí ó wù wá jù nínú iṣẹ́ yìí ni bí wọ́n ṣe ń pín in. Ní ti gígé àti títò ojú aṣọ, olúkúlùkù ló sábà máa ń dá a ṣe nínú ilé tirẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ bá ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí a tẹ́ ojú aṣọ lé òwú, kí a tẹ́ òwú lé aṣọ abẹ́, kí a wá fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, àwọn aládùúgbò a wá bá a. Wọn a na aṣọ náà sórí férémù, wọn a jókòó yí i ká. Ẹlẹ́sìn Kristi ni wọ́n, orin àti àdúrà tiwọn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìyẹn kò kàn wá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn orin ló kàn wá: ta ni ara rẹ̀ kò yá, ọmọ ta ni ó ti lọ sí ìlú ńlá tí kò kọ lẹ́tà, ìbaaka ta ni ó ń ṣàìsàn nígbà tí ilẹ̀ yẹ ní ríro.

Ní 1962, nígbà tí àwọn adúláwọ̀ agbègbè náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, wọ́n dá ọkọ̀ ojú omi tí ó ń gbé wọn sọdá sí Camden dúró. Ìrìn tí kò tó nǹkan lórí omi di nǹkan bí 40 máìlì lójú títì. Ọkọ̀ náà kò padà títí di 2006. Àwọn onílẹ̀ kan lé àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀. Ní 1966 ni àwọn obìnrin agbègbè náà dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀, Freedom Quilting Bee, láti máa ta aṣọ ìbora wọn kí owó lè wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa rò ó. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ti ojú ọ̀run já bọ́. Ẹni tí kò mọ̀ pé iná kò jó nílé aládùúgbò rẹ̀ kò lè ràn án lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí yóò kọ ebi rẹ̀ sí ara ògiri. Nínú ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ ìbaaka ni ọ̀rọ̀ ebi ti máa ń yọ́ jáde.

Nítorí náà, àwa kò lè gbà pé asán ni ọ̀rọ̀ ilé. Ànábì wa Muhammad (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) kò kà á sí asán. Àbúrò Anas kan wà, ọmọ kékeré, tí à ń pè ní Abu Umayr. Ẹyẹ kékeré tí ó fi ń ṣeré kú, ó sì ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tí ìlú àti ogun àti ìfiránṣẹ́ Ọlọ́hun wà lọ́rùn rẹ̀ bá ọmọdé yìí sọ̀rọ̀ ẹyẹ rẹ̀, ó bi í pé kí ló ṣe é. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Ibn al-Qass kọ odidi ìwé kan lórí ìbéèrè kúkúrú yìí, ó sì fa ẹ̀kọ́ tí ó lé ní 60 yọ nínú rẹ̀. Ti ológbò ńkọ́? Kabsha, ìyàwó ọmọ Abu Qatada, ń bu omi àlùwàlá fún baba ọkọ rẹ̀, ológbò dé, baba sì tẹ abọ́ fún un kí ó mu. Ìyàwó ń wò ó tìyanu-tìyanu. Baba bá ṣàlàyé fún un pé Ànábì ti sọ pé ológbò kì í ṣe ohun èérí, ara ẹran tí ń rìn yí wa ká nínú ilé ni. Ìdájọ́ ẹ̀sìn tí à ń lò títí di òní nìyẹn, ọ̀rọ̀ láàárín ìyàwó ilé àti baba ọkọ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ẹni tí kò sí níjokòó. Ọlọ́hun fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wé jíjẹ ẹran ara ọmọ ìyá ẹni tí ó ti kú, nínú Súúrátùl Hujuraat, ààyá 12. Àfiwé náà ń bani lẹ́rù nítorí pé òkú kò lè sọ pé ẹ fi mí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò lè gbèjà ara rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Umm Zar', nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá. Aisha ló jókòó ti Ànábì, ó ń rò fún un bí obìnrin mọ́kànlá ṣe jókòó papọ̀ láyé àtijọ́, tí wọ́n ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní fi ohunkóhun pamọ́ nípa ọkọ àwọn. Àwọn kan yin ọkọ, àwọn kan bú ọkọ. Ìtàn náà gùn, Ànábì sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin. Àwọn onímọ̀ kan ṣàlàyé pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, nítorí pé a kò mọ àwọn ọkọ náà. Àlàyé yìí dára, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi tan ara wa jẹ. Ní àdúgbò tiwa, ẹni tí ó bá ní òun kò dárúkọ, tí ó wá sọ pé ‘ìyàwó ọ̀gá kan báyìí tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn mọ́sálásí, tí ó ní mọ́tò pupa’, kí ni ó kù?

Àpẹẹrẹ kejì ni ti Hind, ìyàwó Abu Sufyan. Ó tọ Ànábì lọ, ó ní ahun ni ọkọ òun, kì í fún òun àti ọmọ ní ohun tí ó tó. Ó dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ànábì kò bá a wí. Ó yọ̀ǹda fún un láti mú ohun tí yóò tó òun àti ọmọ rẹ̀ nínú owó ọkọ náà ní ọ̀nà ẹ̀tọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè tún un ṣe ló gbé ẹjọ́ lọ. Ìdí nìyí tí Imam Nawawi fi to ìdí mẹ́fà tí a lè fi mẹ́nu ba àìdára ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí à ń fìyà jẹ tí ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́ sì wà lára wọn.

Ẹ wá jẹ́ kí á wo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ nílé wa. Aránṣọ mọ nǹkan. Téèpù ọwọ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé ìyàwó kan lóyún kí ìyá ọkọ tó gbọ́. Ó mọ ẹni tí ó ní kí a tú bùbá Iléyá èṣí rán fún ti ọdún yìí, tí ó fẹ́ kí ayé gbà pé tuntun ni. Ó mọ ẹni tí kò tíì san owó. Àwọn ọmọṣẹ́ jókòó yí i ká, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, etí wọn là. (Kí ọkùnrin má sì rò pé obìnrin nìkan là ń bá wí. Abẹ́ igi tí wọ́n ti ń ta ayò, ọ̀dọ̀ fẹ́ńdọ̀ tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́, àti, kí Ọlọ́hun foríjì wá, ìdí omi àlùwàlá pàápàá, òfófó ń bẹ níbẹ̀.)

Oníbàárà kan wọlé, ojú rẹ̀ wú, ó sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe fún un lálẹ́ àná. Wọ́n bá a kẹ́dùn. Bí ó ti jáde, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti gba orí fóònù dé òpópónà kejì. Kí ni ọmọṣẹ́ tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ kọ́ lọ́jọ́ náà? Ó kọ́ pé bí òun bá dé ilé ọkọ tí ìyà bá jẹ òun, kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá lù ú lọ́dún mẹ́wàá sí i, yóò dákẹ́. Èyí ni ó jẹ́ kí a sọ pé ẹni tí ó ní kí a di gbogbo ẹnu àti ẹni tí ó ní kí a sọ gbogbo ohun tí a bá gbọ́, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń bọ̀: wọn kò fi ibì kankan sílẹ̀ tí ẹni tí ara ń ni lè sọ ọ́ sí.

Zaynab ọmọ Jahsh, ìyàwó Ànábì, jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Ó ń ṣe awọ, ó ń rán an, ó sì ń fi èrè rẹ̀ ṣe sàdáákà. Nígbà tí wọ́n parọ́ ńlá mọ́ Aisha, Zaynab ni orogún tí ń bá a dọ́gba jù lọ́kàn Ànábì. Bí ó bá fẹ́ kí orogún rẹ̀ ṣubú, gbólóhùn kan ti tó. Ànábì bi í, ó ní òun ń ṣọ́ etí òun àti ojú òun, ohun rere nìkan ni òun mọ̀. Hamna, ọmọ ìyá rẹ̀, kò dákẹ́ ní tirẹ̀, nítorí ti Zaynab ló sì ṣe ń jà. Ẹni tí ìjà náà wà fún ti kọ̀ ọ́ tán.

Ohun tí a ń bẹ àwọn ìyá oníṣọ́ọ̀bù kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ, kí wọ́n sọ̀rọ̀ ọjà, kí wọ́n fi ológbò ṣẹ̀fẹ̀. Bí oníbàárà bá dé pẹ̀lú omijé, ẹ rán àwọn ọmọ lọ ra òwú. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ó ju agbára yín lọ, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ bá òun dé ọ̀dọ̀ ìyá àdúgbò tàbí ìmáàmù. Bí àwọn ọmọ bá padà dé tí wọ́n bi yín pé kí ló ń sọ, ẹ ní kí wọ́n mú òwú náà wá.