Ta Ni Ó Ni Orí Tí A Ń Yà Ní Àwòrán?

Àwọn àgbà a máa sọ pé inú jìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ó ti wù kí a tẹjú mọ́ ènìyàn tó, a kò lè rí ohun tí ó ń rò. Ṣùgbọ́n ní 1990, Seiji Ogawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn nínú ọpọlọ eku pé ẹ̀rọ olóòfà lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀jẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn pọ̀ nínú rẹ̀ àti èyí tí ó kéré nínú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1992, a ti ń fi ọgbọ́n náà ya ọpọlọ ènìyàn tí ó wà láàyè, tí ó sì ń ronú. Apá tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ jù. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò kùn ní àwọ̀.

Àǹfààní èyí kò kéré fún ẹni tí kókó hù nínú ọpọlọ rẹ̀. Láti 1861, tí Paul Broca ti yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan wò lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ ju “tan” lọ nígbà ayé rẹ̀, ni àwọn dókítà ti ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sísọ ní ibùgbé nínú ọpọlọ, tí ó sábà máa ń jẹ́ apá òsì. Bí kókó bá wá hù sí ẹ̀bá ibẹ̀, ìyọnu dé. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé díẹ̀, ìyókù lè tún dàgbà. Bí ó bá gé àgéjù, aláìsàn lè jí kí ó má lè pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, tí a ń ní kí ó máa mi ìka, kí ó sì máa fi ọkàn dárúkọ nǹkan.

Síbẹ̀, mo rọ ẹ̀yin òǹkàwé kí ẹ má ṣe ka àwòrán yìí sí ojú tí ó rí inú. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ gbà ni ó ń fi hàn. Apá kan lè tàn nínú àwòrán, kí a sì gé e láìsí àdánù ńlá. Kókó sì lè ba ètò ẹ̀jẹ̀ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí apá tí ó ṣì wúlò yóò dákẹ́ bí ẹni pé ó ti kú. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ kò fi pa ọ̀nà tí Wilder Penfield tọ̀ ní Montreal tì: wọ́n a jí aláìsàn lẹ́nu iṣẹ́ abẹ, wọ́n a fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ọpọlọ rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora, wọ́n a sì ní kí ó máa sọ̀rọ̀.

Èdè wo ni yóò sọ? Ìbéèrè yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1978, George Ojemann àti Harry Whitaker kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn elédè méjì tí ó jẹ́ pé, bí a bá fi iná kan àwọn ibì kan nínú ọpọlọ wọn, èdè kan a sá, èkejì a dúró. Ẹ wá fojú inú wo ìyá kan tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ó ń fi Yorùbá gbàdúrà, tí ó sì fi ń ki ọmọ rẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a fi dán an wò, ta ni yóò ṣọ́ èkejì?

Àwọn kan yóò ní ẹ̀mí ni ó ṣáájú, pé ẹni tí kò kú ni ó ń wá ohùn. Èmi kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ abẹ bá lè fi oṣù díẹ̀ kún ọjọ́ ayé ẹni, tí ó sì lè gba ohùn rẹ̀, ṣé èrè ni àbí òfò? Akéwì lè dáhùn ní ọ̀nà kan, baba tí ó fẹ́ rí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lè dáhùn ní òmíràn. Kò sí òmùgọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Àwòrán kò sì lè bá èyíkéyìí nínú wọn dáhùn.

Yorùbá mọ ọpọlọ yàtọ̀ sí orí. Nígbà tí a bá ní ọpọlọ ẹnìkan pé, làákàyè rẹ̀ ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n orí inú ni ó yan ìpín, a kì í sì í bá ẹlòmíràn yan orí. Èrò tèmi ni pé ìyàtọ̀ yìí wúlò lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn. Kí dókítà fi àwòrán hàn án, kí ó sọ èyí tí ó dájú àti èyí tí kò dájú ní èdè tí ó yé e. Kí àwọn ẹbí sì gbìmọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni ó ni orí tí a ń yà yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìpinnu ti gbọ́dọ̀ wá. Kí a tètè bi í, nítorí kókó lè gba ohùn rẹ̀ kí a tó béèrè.