Nípa Ẹni Tí Ó Fa Ọwọ́ Rẹ̀ Sẹ́yìn Nínú Iṣẹ́ Àjùmọ̀ṣe

Ọ̀ràn kan wà tí ó ń bá ìjọ Ọlọ́run fínra láti ìgbà pípẹ́ wá, tí ó sì ń bá ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ gbogbo fínra pẹ̀lú. Òun ni èyí: bí Ọlọ́run bá fún ènìyàn kan ní ẹ̀bùn tí ó ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ẹni náà kò sì fara mọ́ ọ̀nà tí olórí ń gbà darí iṣẹ́, ǹjẹ́ ó tọ́ fún un láti fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn? Kò sí àlùfáà tí kò mọ akọrin olóhùn dídùn kan tí ó fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ nítorí pé ọ̀gá akọrin kò yan orin tí òun fẹ́. Kò sí ọ̀gá ilé-ìwé tí kò mọ olùkọ́ kan tí ó mọ iṣẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ká ọwọ́ gbera nítorí pé a kò tẹ̀lé ìmọ̀ràn rẹ̀ nínú ìpàdé. Bí a bá mú àpẹẹrẹ láti àárín ara wa, inú yóò bí ẹlòmíràn. A ó gbàgbé ẹ̀kọ́ náà, a ó sì máa wá ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. Nítorí náà àwa yóò mú àpẹẹrẹ wa láti ọ̀nà jíjìn wá, láti ilẹ̀ Dẹ́ńmákì ní ìhà àríwá Yúróòpù, àti láti inú eré bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa fẹ́ràn púpọ̀.

Orúkọ ọkùnrin tí a ń wí ni Michael Laudrup. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1964 ni a bí i ní Frederiksberg, lẹ́bàá Copenhagen tí í ṣe olú-ìlú. Finn, baba rẹ̀, ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè wọn ṣáájú rẹ̀. Brian, àbúrò rẹ̀, sì tọ ipasẹ̀ kan náà. Ní ọjọ́ tí Michael pé ọmọ ọdún 18 gan-an ni ó kọ́kọ́ wọ aṣọ ilẹ̀ baba rẹ̀. Ní ọdún 1983 ẹgbẹ́ Juventus ti ilẹ̀ Ítálì gbà á. Wọ́n sì kọ́kọ́ fi í fún ẹgbẹ́ Lazio ní ìlú Róòmù lò fún ọdún méjì. Ní ọdún 1989 ó kọjá sí Barcelona ní ilẹ̀ Spéènì. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ipò kìn-ín-ní ilẹ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin léraléra, láti ọdún 1991 títí di 1994, tí wọ́n sì gba ife Yúróòpù ní ọdún 1992.

Ó yẹ kí olùkàwé wa mọ irú ẹ̀bùn tí ó ní, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn wa wà. Lóòótọ́, ó mọ bí a ti í gbé bọ́ọ̀lù kọjá láàárín àwọn ọ̀tá. Ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ní ọdún 1986, nígbà tí Dẹ́ńmákì fi góòlù 6 sí 1 lu Úrúgúáì, ó fi góòlù kan sínú rẹ̀ tí àwọn tí ó rí i kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n èyí tí ayé mọ̀ ọ́n sí jù ni bí ó ti ń fi bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn. Ó lè máa wo ọ̀tún, kí ó sì fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí òsì, sí ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ yóò bá a láìjẹ́ pé ẹni tí ń ṣọ́ ọ fura. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí. Ẹni tí ń sáré lè dá nìkan sáré, ẹni tí ń fo òkè lè dá nìkan fò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ láti fi fún ẹlòmíràn kò lè lo ẹ̀bùn náà rárá bí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ láti gbà á. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni èso igi rẹ̀ ti ń pọ́n.

Ní ọdún 1990 Richard Møller Nielsen di olùkọ́ni àwọn agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà. Sepp Piontek, ọmọ Jámánì, tí ó wà ní ipò náà ṣáájú rẹ̀, fẹ́ràn kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa kọlu ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹni tuntun yìí fẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣọ́ ilé kí a tó jáde lọ. Ọ̀nà yìí kò tẹ́ Laudrup lọ́rùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà Yùgóslàfíà wá sí Copenhagen, wọ́n sì fi góòlù 2 sí òdo borí wọn. Lẹ́yìn èyí Michael àti Brian sọ ní gbangba pé àwọn kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lábẹ́ olùkọ́ni náà.

Yùgóslàfíà ni ó yege láti lọ sí ìdíje Yúróòpù ní ilẹ̀ Swídìn ní ọdún 1992. Ṣùgbọ́n ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wọn, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi òfin dè wọ́n, a sì yọ wọ́n kúrò nínú ìdíje. Dẹ́ńmákì, tí ó ṣe ipò kejì sí wọn, ni a pè dípò wọn, nígbà tí ó kù bí ọjọ́ mẹ́wàá péré kí eré bẹ̀rẹ̀. Brian ti padà wá ṣáájú ìgbà náà. Michael kò padà. Àwọn tí ó lọ ta ọ̀mì pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Swídìn borí wọn, wọ́n sì borí Faransé. Nígbà tí wọ́n bá Hólándì pàdé, góòlù 2 sí 2 ni wọ́n jọ ní. Nígbà tí a sì ń gbá bọ́ọ̀lù sí aṣọ́lé lọ́kọ̀ọ̀kan, Peter Schmeichel mú ti Marco van Basten, agbábọ́ọ̀lù ńlá nì. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, ní ìlú Gothenburg, wọ́n fi góòlù 2 sí òdo borí Jámánì, wọ́n sì gba ife náà. Ẹni tí ó ní ẹ̀bùn jùlọ ní ilẹ̀ wọn kò sí láàárín wọn.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ yóò dáhùn kíákíá pé, “Ẹ wò ó! Ìgbéraga ni ó ṣáájú ìparun; Ọlọ́run ti dá ẹjọ́ náà.” Àwa kò fẹ́ yára bẹ́ẹ̀. Bí van Basten bá gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọlé ńkọ́? Bí ogun kò bá sí ní Yùgóslàfíà ńkọ́? Dẹ́ńmákì ì bá padà sílé lọ́wọ́ òfo, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ lọ rárá, àwọn kan náà ì bá sì máa wí pé, “Laudrup gbọ́n, ó ti rí i ṣáájú.” Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ní ọdún 1990 jẹ́ ohun kan náà nínú ọ̀ràn méjèèjì. Ìwà ènìyàn kò lè di rere tàbí búburú nítorí ibi tí bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn yí sí lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Bí a bá ń fi àyọrísí nìkan dá ẹjọ́, a ó máa yin olè tí a kò mú, a ó sì máa bú olóòótọ́ tí ọjà rẹ̀ kò tà.

Òṣùwọ̀n wo ni kí a wá lò? Ó dàbí ẹni pé ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Bí olórí bá pàṣẹ fún mi pé kí n purọ́, kí n jalè, tàbí kí n rẹ́ aláìní jẹ, ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn ni èyí. Mo lè kúrò, àní mo gbọ́dọ̀ kúrò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ni. Ṣùgbọ́n bí olórí bá wí pé kí a gba ọ̀nà odò, tí èmi sì rò pé ọ̀nà òkè ni ó sàn, ọ̀ràn èrò ni èyí. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀wù ẹ̀rí-ọkàn wọ èrò tirẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ọ̀ràn Laudrup, bí a ti rí i, ọ̀ràn èrò ni. Olùkọ́ni kò pa á láṣẹ láti ṣe ibi kankan. Kìkì pé ọ̀nà rẹ̀ kò dára lójú rẹ̀ ni. Nítorí náà a kò lè sọ pé ó ṣe é dáadáa.

Síbẹ̀ a gbọ́dọ̀ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ní gbangba, ó sì lọ ní gbangba. Kò jókòó sínú ẹgbẹ́ kí ó máa kùn lábẹ́nú, kí ó máa fi ìdajì agbára ṣiṣẹ́, kí ó sì máa yọ̀ nígbà tí nǹkan kò bá lọ déédéé. Àwọn tí ń ṣe báyìí nínú ìjọ wa pọ̀ ju àwọn tí ń kúrò lọ, ibi tí wọ́n sì ń ṣe pọ̀ jù.

Nínú àwọn tí ó lọ sí Swídìn ni Kim Vilfort wà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ń ṣàìsàn líle ní àkókò náà. Ó fi ìdíje sílẹ̀, ó lọ bá ọmọ náà nílé. Ó sì tún padà wá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ni ó sì gbá góòlù kejì wọ ilé Jámánì. Láìpẹ́ lẹ́yìn ayọ̀ náà ọmọ rẹ̀ kú. Bí ẹnìkan bá ní ìdí láti fa ọwọ́ sẹ́yìn, ọkùnrin yìí ni. Kò sí ẹni tí ì bá dá a lẹ́bi. Nígbà tí a bá gbé ẹ̀dùn tiwa, pé wọn kò fi wá ṣe alága, tàbí pé wọn kò kí wa bí ó ti yẹ, sí ẹ̀gbẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ojú ni yóò tì wá.

Ìtàn Laudrup kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1993 ó padà sábẹ́ olùkọ́ni kan náà. Àwa rò pé ìpadà yìí ṣòro ju ìlọ lọ, nítorí pé ó padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ti gba ife láìsí òun, wọn kò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Ó ṣòro fún Møller Nielsen pẹ̀lú. Ì bá rọrùn fún un láti wí pé, “Àwa ti borí láìsí ìwọ, jókòó sílé rẹ.” Ṣùgbọ́n ó gbà á. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1995, ní ilẹ̀ Saudi Arábíà, àwọn méjèèjì jùmọ̀ gba ife kan, nígbà tí Dẹ́ńmákì fi góòlù 2 sí òdo borí Ajẹntínà. Laudrup ni ó gbá ọ̀kan wọlé. Ẹ̀yin àlùfáà àti ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ kíyèsí i: ilẹ̀kùn tí ẹni tí ó lọ yóò gbà padà wà lọ́wọ́ olórí.

Òun fúnra rẹ̀ sì mọ bí ó ti rí nígbà tí a bá fi ẹnìkan sílẹ̀. Ní ọdún 1994 Barcelona lọ pàdé Milan ní Atẹ́nì fún ife Yúróòpù. Àjèjì mẹ́ta péré ni òfin gbà láyè, mẹ́rin ni Barcelona sì ní. Laudrup ni Johan Cruyff fi sílẹ̀. Góòlù 4 sí òdo ni Milan fi borí wọn. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Real Madrid. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994 ó wà nínú ẹgbẹ́ Barcelona tí ó fi góòlù 5 sí òdo borí Madrid. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1995 ó wà nínú ẹgbẹ́ Madrid tí ó fi góòlù 5 sí òdo borí Barcelona. Nítorí náà kí olórí kankan má ṣe ka ẹ̀kọ́ ọdún 1992 nìkan, kí ó sì máa wí pé ẹni gbogbo ni a lè ṣe aláìní. A lè ṣe aláìní ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a ṣe aláìní tí a kò ní san nǹkan nítorí rẹ̀.

Àwọn ará wa kan kò tíì gbàgbé ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1998, nígbà tí Dẹ́ńmákì fi góòlù 4 sí 1 borí Nàìjíríà wa ní Saint-Denis ní ilẹ̀ Faransé. Michael Laudrup ni balógun wọn ní ọjọ́ náà, Brian sì gbá góòlù kan wọlé. Àwọn ọmọ wa ní ẹ̀bùn púpọ̀. Kò sí ẹni tí ó jiyàn rẹ̀. Bràsílì ni ó dá àwọn ará Dẹ́ńmákì dúró lẹ́yìn èyí, góòlù 3 sí 2, Laudrup sì fi eré náà sílẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti wọ aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ nígbà 104.

Kí ni kí a wí ní ìparí? Olúwa wa nínú òwe rẹ̀ nípa àwọn tálẹ́ńtì bá ẹni tí ó ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀ wí, kì í sì í ṣe nítorí pé ó pàdánù rẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé kò lò ó. Ẹrú náà ní ìdí tirẹ̀ pẹ̀lú: ó ní ọ̀gá òun le. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń sọ gbólóhùn kan náà títí di òní. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹni tí ó bá sì ká ọwọ́ tirẹ̀ kò, àyà yóò dún síbẹ̀ láìsí i, ṣùgbọ́n kò ní dún tó bí ó ti yẹ, ọwọ́ tí a ká kò náà kì yóò sì dún rárá. Ẹni tí ó ti fa ọwọ́ sẹ́yìn, kí ó padà. Ẹni tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà, kí ó ṣí i. Kí Olúwa tí ó fi ẹ̀bùn fún wa fún wa ní ọkàn tí a ó fi lò ó pọ̀, nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.