Iye Kan, Iṣẹ́ Méjì: Òtítọ́ Inú Àwòrán Yàrá

Àwòrán yàrá oníwọ̀n ni ìwé tí a fi ìlà ya ògiri, fèrèsé, ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù sí, tí a sì kọ iye gígùn, ìbú àti gíga ohun kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ìlà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ti kúrò lórí fífi ọwọ́ yà á. Ètò kọ̀ǹpútà tí a ṣe fún iṣẹ́ náà ni wọ́n ń lò. Ìbéèrè tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbé dìde jinlẹ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ: bí iye tó wà lórí rẹ̀ kò bá bá ohun tó wà nínú yàrá mu, èwo nínú méjèèjì ló ṣe àṣìṣe, ìwé ni tàbí yàrá?

Plato, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, sọ nínú apá kẹwàá ìwé rẹ̀ tí a mọ̀ sí Republic pé ibùsùn mẹ́ta ló wà: èyí tí Ọlọ́run dá, tí í ṣe ohun tí ibùsùn jẹ́ gan-an, èyí tí káfíńtà kàn bí ó ti ń fi ọkàn wo ti àkọ́kọ́, àti èyí tí ayàwòrán fi ọ̀dà yà, tó jẹ́ pé ìrísí ti káfíńtà láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló rí yà. Nítorí náà ló ṣe fi ayàwòrán sí ipò kẹta sí òtítọ́. Ètò yìí dára, ṣùgbọ́n kò fi àyè sílẹ̀ fún ìwé tí káfíńtà fúnra rẹ̀ ń wò ṣiṣẹ́. Àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù kò fara wé kọ́bọ́ọ̀dù kankan, nítorí pé nígbà tí a ń yà á, a kò tíì fi ayùn kan pákó rẹ̀. Síbẹ̀, ògiri tó wà lórí ìwé kan náà ń fara wé ògiri tí bíríkìlà ti mọ tipẹ́.

Ẹni tó la ìyàtọ̀ yìí yé ni jù lọ ni Elizabeth Anscombe, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Ìlú Ọba, nínú ìwé rẹ̀ Intention tó jáde ní 1957. Ó ní kí a wo ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ kọ ohun tí yóò rà fún, tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì ń tẹ̀ lé e kiri, tí ń kọ gbogbo ohun tó bá rà sílẹ̀. Ní ìparí ọjọ́, ohun tó wà nínú ìwé méjèèjì lè bára mu délẹ̀. Àmọ́ bí ìwé ìyàwó bá sọ pé bọ́tà, tí ọkọ sì ra màjarínì, iṣẹ́ ọkọ ni àṣìṣe wà, kò sì sí ẹni tí yóò rò pé pípa ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló kọ bọ́tà níbi tí màjarínì wà, ìwé rẹ̀ ló ní láti tún kọ. A lè pe ìwé àkọ́kọ́ ní àṣẹ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ayé gbọ́dọ̀ bá mu, kí a sì pe ìkejì ní ẹ̀rí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ bá ayé mu.

Ohun tó ṣàrà ọ̀tọ̀ nínú àwòrán yàrá ni pé ìyàwó àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jọ kọ ọ́ sórí ìwé kan, wọ́n sì lo tàdáwà kan náà. Bí a bá kọ 3050 mìlímítà sí ògiri, ẹ̀rí ni. Bí a bá kọ 600 mìlímítà sí kọ́bọ́ọ̀dù tó dúró tì í, àṣẹ ni. Ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ kankan hàn láàárín wọn. Àwọn ayàwòrán ilé ní Amẹ́ríkà mọ ewu yìí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà V.I.F. sí ẹ̀gbẹ́ àwọn iye kan, èyí tó ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kí ó tún wọn ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó gé ohunkóhun. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ́wọ́ pé ẹ̀rí ni iye náà, àti pé ẹ̀rí lè kùnà.

Kọ̀ǹpútà mú ọ̀rọ̀ náà díjú sí i. Ní 1963 ni Ivan Sutherland gbé Sketchpad jáde ní ilé ẹ̀kọ́ MIT, ètò tí ènìyàn lè fi ya ìlà sójú ẹ̀rọ, kí ó sì fún ìlà náà ní òfin tí ẹ̀rọ yóò máa pa mọ́ fún un. Irú èrò yìí náà ni àwọn ètò kọ́bọ́ọ̀dù òde òní dúró lé. Ìbú kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ iye tí a tẹ̀ wọlé. Bí a bá yí i padà, ilẹ̀kùn rẹ̀, pẹpẹ inú rẹ̀, àkójọ pákó tí a ó gé àti iye tí a kọ sórí àwòrán ni yóò bá a yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Láyé ìwé àti pẹ́ńsù, òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi rúlà wọn ìlà orí àwòrán, pé iye tí a kọ ni kí a gbà gbọ́, nítorí pé ìwé a máa sún kì, ọwọ́ a sì máa yẹ̀. Nínú ètò kọ̀ǹpútà, ibì kan náà ni ìlà àti iye ti wá, wọn kì í sì í jiyàn àyàfi bí ènìyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ iye mìíràn lé e. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀tàn wà: bí àwòrán ṣe bá ara rẹ̀ mu jọ bí ẹni pé ó bá yàrá mu, bẹ́ẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà kò fojú kan ògiri náà rí. Bí ẹni tó ń lò ó kò bá sọ nǹkan mìíràn, gbogbo igun yàrá yóò jẹ́ digírì 90, gbogbo ògiri yóò sì dúró ṣánṣán láti ilẹ̀ dé àjà, ohun tí ẹni tó rẹ́ ògiri náà kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Ògiri gidi lè jẹ́ 3050 nísàlẹ̀, kí ó jẹ́ 3042 níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù ga dé. Èyí fi hàn pé gígùn kì í ṣe ohun tí ògiri ní lódindi. Ibi tí a ti wọ̀n ọ́n ló ni ín. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń wọn ògiri kan ní gíga mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń yẹ igun wò nípa wíwọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ sí apá kan àti 4 lọ sí apá kejì: bí àlàfo láàárín òpin méjèèjì kò bá jẹ́ 5 gééré, igun náà kò gún.

Kọ́bọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ kì í gbọ́ ti ògiri. Ilé iṣẹ́ ló fún un ní iye: ní Yúróòpù, ihò ara pákó, tí ìbú ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 5, tí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mìlímítà 32; ní Amẹ́ríkà, ínṣì 24 sẹ́yìn àti ínṣì 36 sókè bí a bá ka pẹpẹ orí rẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín kọ́bọ́ọ̀dù tó kẹ́yìn àti ògiri, ayàwòrán á fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i, èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kí káfíńtà lè fá a níbi iṣẹ́ títí tí yóò fi bá wíwọ́ ògiri mu. Iye tó wà lára pákó yìí kì í ṣe ẹ̀rí, kì í sì í ṣe àṣẹ tó pé. Àyè ni a fi sílẹ̀ fún ohun tí a kò tíì mọ̀. Bóyá òun ni ohun tó jẹ́ olóòótọ́ jù lọ lórí gbogbo ìwé náà.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀rọ onítànṣán tó ń ya àìmọye àmì lára ògiri yóò fòpin sí ọ̀rọ̀ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà mú ẹ̀rí dára sí i, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí ti wù kí ó péye tó, kò lè sọ bóyá kí kọ́bọ́ọ̀dù tẹ̀ lé ògiri tó wọ́ tàbí kí ó dúró ṣánṣán kí wíwọ́ náà sì hàn. Ènìyàn ló máa yàn.

Àṣẹ pàápàá kì í dúró bí àṣẹ títí. Àwọn tó ń gé òkúta fún orí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná kì í sábà gé e láti inú àwòrán. Wọ́n máa ń dúró títí a ó fi kan kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ mọ́ àyè rẹ̀, kí wọ́n tó wá fi páálí tàbí ẹ̀rọ mú ìrísí rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù tí iye rẹ̀ jẹ́ àṣẹ fún ẹni tó gé pákó ti wá di ohun tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí, bí ó bá sì fi mìlímítà mẹ́ta yàtọ̀ sí àwòrán, iye orí àwòrán ni ẹni tó ń gé òkúta yóò fagi lé.