OLÚWA MỌ ẸRANKO TÍ A KÒ RÍ

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Jẹ́nẹ́sísì 2:15, Orin Dáfídì 104:20–24



Àwọn àgbà ní ìjàkùmọ̀ kì í rin ọ̀sán. Ẹ̀yà kan wà nínú ìdílé ológbò igbó tí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n láti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. African golden cat ni àwọn onímọ̀ ń pè é, nítorí àwọ̀ irun rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ológbò ilé. Inú igbó ńlá Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni ó ń gbé. Kámẹ́rà tí a so mọ́ igi, tí ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ bí ẹranko bá ń kọjá, ni àwọn olùwádìí fi ń mọ ibi tí ó wà. Ní ọdún 2015, àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ìparun ń wu léwu.

Kí ni ń pa á? Igbó tí a ń gé ni, àti tàkúté. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹtu ni ọdẹ ń wá, ṣùgbọ́n okùn wáyà kò mọ ẹni tí a dẹ ẹ́ dè. Arábìnrin, nígbà tí a bá ra ẹran ìgbẹ́ lọ́jà láti fi ṣe àlejò, ọwọ́ wa ti kan okùn náà.

Iṣẹ́ méjì ni Ọlọ́run gbé lé Ádámù lọ́wọ́: oko ríro àti ìṣọ́. Àwa ará Èkìtì mọ oko ríro dáadáa. Ìṣọ́ ni ó kù.

Ní Uganda, lẹ́bàá igbó Bwindi, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Embaka kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀. Wọ́n ń fún ìdílé ní ẹlẹ́dẹ̀ láti sìn, kí ẹran lè wà nínú ìkòkò láìwọ igbó. Ohun tí Jákọ́bù 2:15–16 ń kọ́ wa nìyẹn: ìkíni kì í yó ẹni tí ebi ń pa. Nítorí náà, bí opó kan nínú ìjọ bá ń fi títa ẹran ìgbẹ́ bọ́ ọmọ, kí a má ṣe bá a wí lásán. Kí àpò ẹgbẹ́ ra ewúrẹ́ méjì fún un.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, Ìwọ tí ń bọ́ ẹranko òru, kọ́ wa láti ṣọ́ ohun tí Ìwọ dá, kí ebi má sì pa aládùúgbò wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.