Ọfà Nínú Ọjà: Ẹ̀tọ́ Oníbọn àti Ẹ̀mí Aládùúgbò



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi ẹ̀mí ta wá lọ́rẹ, tí ó sì pàṣẹ pé kí á dáàbò bò ó. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad (S.A.W.) àti àwọn ará ilé rẹ̀.

Nígbàkúùgbà tí àwọn onílé ní Dọ̀pẹ̀mú bá pe àwa ọ̀dọ́ sí ètò ọdẹ òru, ìbéèrè kan kì í ṣàì jẹ yọ: ṣé kò yẹ kí á ní ìbọn? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti aláṣejù. A kò tíì gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà ìsémọ́lé àrùn Kòrónà, tí ìbẹ̀rù àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní "One Million Boys" àti "Awawa" gba Agége àti Alímọ̀ṣọ́ kan. Àwọn èèyàn dáná sun táyà lójú títì, wọ́n fi igi, àdá àti irin ṣọ́ àdúgbò mọ́jú. Ẹni tí ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ wà nínú ilé lóru bẹ́ẹ̀ mọ ìdí tí ọkàn fi ń fà sí ìbọn.

Kí ni òfin sọ? Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó kà léèwọ̀ fún aráàlú: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Ìkejì ni ìbọn ọdẹ ti òyìnbó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ìkẹta ni ìbọn ṣakabùlà tí à ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu. Òun náà nílò ìwé àṣẹ. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní abala 33, gbà pé èèyàn lè gbèjà ara rẹ̀, ẹlòmíràn tàbí dúkìá. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó ti sọ pé níní ìbọn jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀tọ́ láti gbèjà ẹ̀mí, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1791 ni ìwé òfin wọn ti ka níní ohun ìjà mọ́ ẹ̀tọ́ aráàlú, wọ́n sì máa ń pàtẹ ìbọn fún títà ní gbọ̀ngàn ńlá bí ẹni ná ọjà. Nígbà tí ìpínlẹ̀ California fi òfin ọdún 2021 àti 2022 dá títa ìbọn dúró lórí ilẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ náà, àwọn tí ń ṣètò ọjà ìbọn gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n ní wọ́n tẹ òmìnira àwọn lójú. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ìpínlẹ̀ náà láre, nítorí ẹni tí ó fẹ́ ra ìbọn ṣì lè rà á níbòmíràn.

Kí á má fi ọ̀rọ̀ àwọn oníbọn wọ̀nyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ tí ìjọba lè gbà nígbà tí ó bá wù ú kì í ṣe ẹ̀tọ́ mọ́. Àwa náà ní ìdí láti fura. Ní ọdún 1890, ní Brussels, àwọn ìjọba òyìnbó fẹnu kò pé kí ìbọn ìgbàlódé má wọ apá tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà mọ́. Ìbọn ṣakabùlà ni wọ́n yọ̀ǹda. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìbọn Maxim tiwọn ló fọ́ ogun Ìjẹ̀bú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ Katsina hàn nínú fídíò pẹ̀lú AK-47, Gómìnà Rótìmí Akérédolú bèèrè ìdí tí wọ́n fi du Àmọ̀tẹ́kùn ní irú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ dáhùn pé àwọn kò fún ìpínlẹ̀ kankan láṣẹ bẹ́ẹ̀. Òfin tí ó bá gba ohun ìjà lọ́wọ́ apá kan, tí ó fi í sílẹ̀ fún apá kejì, ìrẹ́jẹ ni.

Kí wá ni ẹ̀sìn wa sọ? Ànábì (S.A.W.) jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá pa níbi tí ó ti ń gbèjà dúkìá rẹ̀, shahiid ni. Islam kò ní kí á fọwọ́ lẹ́rán máa wo olè. Ṣùgbọ́n hádísì mìíràn wà, tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá, tí ó kọ́ ẹni tí ó bá gbé ọfà gba inú mọ́sálásí tàbí ọjà pé kí ó fi ọwọ́ di ẹnu ọfà náà mú, kí ó má baà ṣe Mùsùlùmí kankan léṣe. Ẹ jẹ́ kí á rò ó dáadáa. Kò ní kí ọkùnrin náà sọ ọfà rẹ̀ nù. Kò pè é ní ọ̀daràn. Kò sì ní kí àwọn ará ọjà máa sá fún un. Ọrùn ẹni tí ó ni ọfà ni ó gbé ẹrù náà kọ́. Nítorí náà, oníbọn tí ó jẹ́ ọmọlúàbí kò gbọdọ̀ ka ìwé àṣẹ sí ẹ̀gàn. Ọ̀nà tí à ń gbà di ẹnu ọfà mú láyé òde òní ni.

Ẹ tún wo òru ọdún 2020 yẹn. Ọ̀pọ̀ ariwo "wọ́n ti dé!" ni kò ní olè kankan lẹ́yìn. Ká ní ìbọn wà lọ́wọ́ gbogbo ọ̀dọ́ tí oorun ń kùn, tí ẹ̀rù sì ń bà, ta ni ọta ì bá bá? Bóyá nọ́ọ̀sì tí ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Bóyá bàbá tí ó ń lọ kírun àsùbáà. Igi tí a gbé sókè ṣeé dá dúró, ọta tí ó ti jáde kò gbọ́ "dúró". Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ̀yin náà ẹ bá wa dá sí i: ìbọn tí a fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì de olè, ọmọ ilé lè kọ́kọ́ rí i.

Ẹnì kan yóò ní olè kì í gba ìwé àṣẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ìbọn tí wọ́n rọ ní ìkọ̀kọ̀, ọjà kan náà ni òun àti olè jọ ń ná. Owó rẹ̀ ni wọn yóò fi rọ òmíràn fún olè. Ó sì lè fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 ra á, nítorí Òfin Olè Jíjà àti Ìbọn kà á bẹ́ẹ̀, tàbí owó ìtanràn 20,000 náírà, tàbí méjèèjì. Èyí gan-an la fi ń sọ pé ìjọba náà jẹ gbèsè. Ìyà tí 20,000 náírà lè yọ olówó nínú rẹ̀, tí ó sì lè gba ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ tálákà, kò tọ́. Ìjọba tí ó ní kí á má gbé ìbọn ti gba ẹ̀mí wa ní amaana: kí ó tètè dé nígbà tí a bá pè é, kí ọ̀nà ìwé àṣẹ ọdẹ tòótọ́ mọ́ láìsí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kí ààbò má jẹ́ ti olówó tí ọlọ́pàá ń tẹ̀lé kiri nìkan. Ẹ̀tọ́ wa ni láti bèèrè èyí, kí á sì máa bèèrè rẹ̀ láìdákẹ́.

Ní tiwa, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí á yọjú sí ọdẹ òru nígbà tí ó bá kàn wá, kí fèrè wà lọ́rùn, kí iná wà lẹ́nu géètì, kí nọ́ńbà 112 àti 767 wà nínú fóònù wa, kí á sì fa ẹni tí a bá mú lé ìjọba lọ́wọ́ láìlù ú pa. Ṣùgbọ́n kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kankan má ra ìbọn tí kò ní ìwé àṣẹ.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ilé wa, kí Ó má jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Āmīn.