Bí A Bá Pààrọ̀ Gbogbo Ara Ilé, Ṣé Ilé Náà Ṣì Ni?

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, ògiri ẹ̀yìn ilé bàbá-ńlá wa ní Ọ̀wọ̀ wó lóru. Ọlọ́run ló yọ wá, orí iṣu ìyá àgbà ló wó lé, kì í ṣe orí ènìyàn. Nígbà tí ẹbí ṣe ìpàdé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí wọ́n wó ilé náà palẹ̀ pátápátá, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ tí ọ̀nà tóóró kan yóò la àárín rẹ̀ kọjá. Èmi tí mo kéré jù níbẹ̀ ni mo dìde pé kò tọ́. Mo ní ilé yẹn ni ìrántí wa. Ìyá àgbà wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo lo rẹ́ ògiri yẹn kẹ́yìn?"

N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé kí gan-an là ń dáàbò bò nígbà tí a bá ní kí wọ́n má wó ilé àtijọ́. Ṣé amọ̀ rẹ̀ ni?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Ààfin Ọlọ́wọ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ náà ni wọ́n kọ́ tiwa, àfi pé tiwa kéré. Ugha ni a ń pe àgbàlá ní Ọ̀wọ̀. Àwọn tó kọ̀wé nípa ààfin náà sọ pé ugha inú rẹ̀ tó 100, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: òmíràn fún òrìṣà, òmíràn fún ọdún àti àpéjọ ìlú. Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì ni wọ́n tò sí ilẹ̀ àwọn kan. Yàrá yí ugha ká, òrùlé dagun wá sí àárín, ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ àti òjò lè wọlé. Lára òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ère Ọlọ́wọ̀ sí, lórí ẹṣin tàbí pẹ̀lú olorì àgbà. Ọgbọ́n ọwọ́ ìlú yìí sì ti pẹ́: àwọn ère amọ̀ tí Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó Lájà ní 1971 ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ kì í dá dúró. Òjò ń lá a, ikán ń jẹ igi rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ewé òrùlé, títí páànù fi dé tí ewé kógbá sílé. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò dúró níwájú ibẹ̀ kó sọ pé èyí kì í ṣe ààfin mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ọlọ́lá kan wà ní Kent tí wọ́n ń pè ní Ightham Mote, onígi àti olókùúta, tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹrìnlá. Láti 1989 sí 2004 ni wọ́n fi tú apá púpọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n tún un tò. Ilé náà ṣì ni wọ́n ń pè é.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi ti yí lé mi lórí. Bí amọ̀ kì í bá ṣe ilé, a jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò lè pa ilé. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Mo wá rántí ohun kan. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìyá àgbà ṣubú lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn ní ìdájí. Ìyàwó ilé kan tó ń dáná ní òdìkejì ló rí wọn lójú ẹsẹ̀, torí pé gbogbo ilẹ̀kùn ló kọjú sí àgbàlá. Nínú ilé tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́, kálukú yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ọ̀nà tó ṣókùnkùn, wọn ì bá sì wà nílẹ̀ títí oòrùn yóò fi mú. Àyè tó ṣófo láàárín yẹn ni ilé wa, kì í ṣe ògiri. Ilé náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ṣe bí ẹni tí kò rí ẹnìkejì rẹ̀. (Kì í sì í fìgbà gbogbo dùn. Ẹni tó bá ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò rí nínú agboolé yóò mọ ohun tí mò ń wí.)

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọba ni òwe yẹn ń bá wí. Ìlú ló ń kọ́ ti ọba. Ta ni yóò kọ́ ti ìyá àgbà?

Mo lọ bá wọn, mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ páànù tí kì í jò, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí àwọn kò ní máa jáde lọ bá lóru, kí àwọn sì lè jókòó kí àwọn máa rí ẹni tó ń wọlé. Wọn kò dárúkọ amọ̀. Èmi tí mò ń sùn sí ilé-ìwé ni mò ń dárúkọ amọ̀. Ojú tì mí. Mo rò pé ẹni tí òjò ń pa ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí àwa tí ilé náà kàn wù lójú tó wá sọ tiwa.

N kò sì lè pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní olójúkòkòrò. Àwọn ni wọn yóò náwó, àyè àgbàlá sì tó yàrá méjì tí wọ́n lè fi háyà, kí wọ́n fi san owó ilé-ìwé ọmọ.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìwọlé wa, bíríkìlà dé pẹ̀lú okùn àti èèkàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti gbà láti fi àgbàlá sílẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú àti òòró, kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo di orí okùn kejì mú. Ìyá àgbà gbé àpótí wọn wá sí àárín, wọ́n jókòó, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n ní kí á sún èèkàn ọ̀nà ilé ìdáná sẹ́yìn, pé àwọn kò ní rí ẹnu ọ̀nà yàrá kẹta láti ibẹ̀. Bíríkìlà wo ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n wo èèkàn náà títí, wọ́n wá ní kí n fà á tu.