Kí A Tó Tọrọ Iṣu, Ká Béèrè Ebè

Ní Bantè àti Savalou, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí iṣu titun lọ́jà kó ní òjijì ló dé. Gbogbo wa la mọ ẹni tó kọ ebè. A rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ nínú ọyẹ́, a sì rí i tó ń wo ojú ọ̀run nígbà tí òjò pẹ́. Ṣùgbọ́n bí owó bá dé bá sójà, tí ilé onípáànù yọ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tí ọkọ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí à ń sọ ni pé ó lówó lójijì. A ó tún fi òwe tì í lẹ́yìn: ohun tí a ò jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ọ̀rọ̀ “lójijì” yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí mo gbà pé ibẹ̀ ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Faransé kó àwọn ọmọ Dahomey, tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, lọ sójú ogun, ọta ìbọn kò yan funfun yan dúdú. Òfin ló yàn. Òfin ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1959 ní kí owó ìfẹ̀yìntì àwọn sójà ilẹ̀ tó ń gba òmìnira dúró sójú kan, bẹ̀rẹ̀ láti 1961. Ti ọmọ Faransé ń gbé pẹ́ẹ́lí bí ọjà ṣe ń gbówó lórí. Ti àwọn tiwa kò kúrò níbi tí wọ́n kàn án mọ́. Amadou Diop, ọmọ Senegal tó sin iṣẹ́ ológun Faransé láti 1937 sí 1959, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́. Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2001 ni àwọn adájọ́ Conseil d'État dá a láre. Ó ti kú kó tó gbọ́. Ọdún 2006, lẹ́yìn tí fíìmù Indigènes gbé ìtàn àwọn sójà wọ̀nyí síwájú gbogbo ayé, ni Ààrẹ Jacques Chirac gbà kí owó ajagunfẹ̀yìntì àti owó àwọn tó fara gbọgbẹ́ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007.

Ẹ fojú inú wo baba arúgbó kan lábúlé kan nítòsí Bantè lọ́dún yẹn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí owó tó já bọ́ látọ̀run. Baba rí gbèsè ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Owó kan náà ni, ojú tó ń wò ó ló yàtọ̀. Ohun tí ọ̀kan pè ní òjijì, ìpẹ́ ni lójú èkejì.

Ohun tó fà á ni pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ẹlẹ́rìí. Ebè wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tó ń kọjá rí i. Sójà kò ní ẹlẹ́rìí nílé: àwọn tó rí làálàá rẹ̀ ti tú ká, tàbí kí wọ́n wà lábẹ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó lọ ṣọ́ àlàáfíà ní Kóńgò àti Mali. Ní oṣù Keje ọdún 2018, 1,428 dọ́là lóṣù ni iye tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè ń san nígbà náà lórí sójà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè sójà náà ló sì ń san án sí. Kí owó tó dé ọwọ́ ẹni tó lágùn fún un, ọ̀nà jìn. Ní Akúrẹ́, ní oṣù Keje ọdún 2008, àwọn sójà Nàìjíríà tó ti Làìbéríà dé fẹ̀hónú hàn nítorí owó iṣẹ́ àlàáfíà wọn. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún 27 nínú wọn, kí wọ́n tó wá dín in kù. Owó táwọn ará ilé ì bá pè ní òjijì lè jẹ́ owó tí èèyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ayé rẹ̀ dí.

Bí owó náà bá wá dé ńkọ́? Iṣẹ́ ológun kọ́ni láti gbọ́ àṣẹ: ìgbà tí a ó jí, aṣọ tí a ó wọ̀, ibi tí a lè kú sí. Owó kì í pàṣẹ. Ó kàn ń bini pé: kí lo fẹ́? Ẹnikẹ́ni ò bi sójà bẹ́ẹ̀ rí ní bárékè. Bí kò bá rí ìdáhùn nínú ara rẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn ni yóò fi dáhùn, owó náà yóò sì tẹ̀ lé ẹni tó pariwo jù. Ẹni tó gbà láti kú fún àwọn tí kò mọ̀ yóò wá máa fura sí ìbátan rẹ̀, nítorí ohun tó wà lápò rẹ̀ ni wọ́n ń kí, wọn ò kí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Síbẹ̀, owó yẹn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1944, ní Thiaroye nítòsí Dakar, àwọn sójà adúláwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbèkùn Jámánì dé béèrè owó iṣẹ́ wọn. Ìbọn àwọn ọ̀gá tí wọ́n jà fún ló dá wọn lóhùn. Àwọn tó gba owó ní 2007 gba irú ẹ̀tọ́ tí àwọn kan ti kú nítorí pé wọ́n béèrè rẹ̀. Gbogbo owó ogun ló ní òkú tó ń bá a rìn. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Àṣà wa ti mọ bí a ṣe ń gba ọ̀pọ̀ tó dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, Savalou a máa ṣe ọdún iṣu titun. Ẹni tó di àṣà mú kò ní fẹnu kan iṣu titun kí ìpín àwọn tó ṣáájú tó jáde. Ebi lè máa pa á, iṣu lè kún abà, yóò dúró. Ìdúró yẹn ló ń sọ fún un pé òun kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ ohun tí òun fẹ́ jẹ. Mo rò pé ohun tí owó sójà nílò nìyẹn: kí ìpín àkọ́kọ́ lọ sílé opó ẹnìkejì rẹ̀ tí kò padà wálé, kí sójà náà sì sọ orúkọ olóògbé náà sókè níwájú àwọn ọmọ. Níbẹ̀ ni owó náà yóò ti rí ẹlẹ́rìí.

Àwa ará ilé náà ní tiwa láti ṣe. Bí sójà bá dé, kí a tó ka páànù tó wà lórí ilé rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún un ní ìjókòó àti omi tútù, ká bi í pé: báwo ni ibẹ̀ ṣe rí? Bó bá dákẹ́ pẹ́, ká dúró dè é.